Apá Tirẹ̀ Nìkan Ló Fi Tapólì Bò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa bú Adébùnmí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rẹ̀ yín bó ṣe rẹ̀ ẹ́ ná.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ojúkòkòrò máa ń sọ èèyàn di ọ̀dàlẹ̀. Ìfẹ́ obìnrin ń ṣe é, ìfẹ́ ipò náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka àárẹ̀ mọ́ ọn? Èmi ti rí i ṣẹlẹ̀, lójú tèmi ó sì burú ju ojúkòkòrò lọ. Olójúkòkòrò mọ ohun tí òun ń wá. Ẹni tó ti rẹ̀ kò wá nǹkan kan, àfi kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi.

Ọdún tí Ọbabìnrin wá sí Èkó ni, nígbà òjò. Ezekiel, ọkọ Adébùnmí, bíríkìlà ni. Ó já láti orí àkàbà, egungun itan rẹ̀ dá, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì. Wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè, wọ́n ní kó máa wo àjà títí egungun á fi jinná. Ezekiel ní òun á wo àjà, àmọ́ òun ò lè jẹ oúnjẹ wọn. Ọbẹ̀ ìyàwó òun lòun fẹ́.

Bó ṣe di pé Adébùnmí ń rìn láti Bàrígà dé Ìgbóbì nìyẹn, abọ́ oúnjẹ lórí, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bó bá sì darí dé, kò sí ìsinmi. Ó ní ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ nínú àkùrọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti ń dà sí ọ̀sà. Ohun tó bá kórè níbẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ó ti dá ọmọ rẹ̀, Bọ́dúndé, padà sọ́dọ̀ ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dì í mú kó má ṣubú. Sìkírátù ni, opó kan, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ nínú ilé kan náà. Ó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. Òun ló fún un ní ìdajì àkùrọ̀ rẹ̀ nígbà tí Adébùnmí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Nígbà tí Ezekiel sì ṣubú, òun náà ló wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùnmí, ìwọ nìkan kọ́ lo máa rin ìrìn yìí. Gbé oúnjẹ lọ lónìí, èmi á gbé e lọ lọ́la."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi mà ni. Ẹ ò lè máa bá mi bọ́ ọkọ."

"Ta ló ń bá ọ bọ́ ọkọ? Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń dá sí."

Bí wọ́n ṣe ń pín in rìn nìyẹn, Onítẹ̀bọmi lónìí, Mùsùlùmí lọ́la. Àwọn nọ́ọ̀sì Ìgbóbì rò pé ìyàwó méjì ni Ezekiel ní, Ezekiel kò sì bá wọn jiyàn.

Nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le, àwọn méjèèjì ra ajílẹ̀ lọ́wọ́ Yísà. Gbogbo olóko àkùrọ̀ Bàrígà ló mọ Yísà. Ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́, ewé jíjẹrà àti eérú ló ń pò pọ̀, tí yóò dì sínú àpò kòkó, tí yóò fi ọmọlanke tì í wá láti ọgbà màlúù kan ní ọ̀nà Ìkòròdú.

Ríra ajílẹ̀ nígbà òjò gba ọgbọ́n. Ẹlòmíì á wo ẹnu àpò, á rí i pé ó gbẹ, á ní kí wọ́n já a kalẹ̀ fún òun. Sìkírátù kò jẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìgúnpá, á bu ti ìsàlẹ̀, á fún un mọ́wọ́. Bí omi bá kán, kò ní rà. Bó bá dì mọ́wọ́, tó sì tún fọ́ nígbà tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó di tirẹ̀.

"Ìyá Munirat, ṣé ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò ni?" Yísà ń fi Sìkírátù ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bó bá ṣeé jẹ ni, mi ò bá ti yéé ra ẹja."

Yísà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó já àpò kalẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó fara kan ilẹ̀ o, ẹ má sì jẹ́ kí òjò pa á. Tó bá mu omi nínú àpò, ara rẹ̀ á gbóná, á máa rùn, gbogbo agbára rẹ̀ á bá omi lọ. Pàǹtírí lẹ máa bá níbẹ̀."

Wọ́n to àpò wọn sórí pákó lábẹ́ àtíbàbà inú oko, wọ́n fi tapólì kan ṣoṣo bò wọ́n. Ata rodo ni Sìkírátù fẹ́ fi tirẹ̀ gbìn. Irúgbìn rẹ̀ ti ń yọ sókè nínú ilé, ata yẹn ló sì ń fojú sọ́nà fún láti fi gbé ọdún. Kò tíì tó àkókò láti lọ́ ọ sínú oko nígbà tí ìròyìn dé láti Ìsẹ́yìn pé Munirat, ọmọ rẹ̀, ti bímọ. Ìyá ọlọ́mọ gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ.

"Bùnmí, àmánà ni àwọn àpò yẹn o," ó wí bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀. "Mo fi wọ́n lé ọ lọ́wọ́, mo fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ká tapólì kúrò kí wọ́n lè mí. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, bò wọ́n, kó o so ó yíká."

"Ẹ lọ wẹ ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá tiẹ̀ sùn, ojú mi á wà níbẹ̀."

Ó dùn lẹ́nu, àbí? Gbogbo wa la máa ń sọ irú ẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń lọ bá ṣì ń wo wá lójú.

Sìkírátù lọ, ìrìn Ìgbóbì wá di ti Adébùnmí nìkan. Lójoojúmọ́ ni. Ó ń ká tapólì láàárọ̀, ó ń bò ó nírọ̀lẹ́, ó ń se ọbẹ̀, ó ń gbin ẹ̀fọ́, ó ń tu koríko. Nígbà tó yá, bí ẹnì kan bá kí i lọ́nà, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń kí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti Ìgbóbì dé. Òjò ti pa á ní Onípanu, oòrùn ti mú aṣọ rẹ̀ gbẹ ní Ṣómólú. Ezekiel ti kanra mọ́ ọn, ó ní ọbẹ̀ kò níyọ̀. Adébùnmí jókòó sórí ẹní, ó ní kí òun na ẹ̀yìn díẹ̀. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, yàrá ṣókùnkùn. Ó mọ̀ pé tapólì ṣì wà ní kíká láti àárọ̀.

"Mo ti ń dìde," ó wí fún ara rẹ̀.

Kò dìde. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù, ó ń gbọ́ ọ. Kò sùn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Bó bá sùn ni, oorun ì bá gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi.

Nígbà tí òjò le gan-an ló tó sáré lọ sí oko. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé ni àpò tirẹ̀ wà, ti Sìkírátù wà ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀sà. Ó fa tapólì, ó bo tirẹ̀, ó fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ku kó yí lọ sí òdìkejì. Ó wò ó. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ á mù ún dé orúnkún, á sì ní láti kọ́kọ́ tú èyí tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí tapólì tó lè na débẹ̀.

"Òjò yìí ò ní pẹ́ dá," ó wí.

Ó padà sílé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì sùn dáadáa. Òjò náà kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀, omi ti gbé pákó Sìkírátù, àpò rẹ̀ ti ṣubú sínú ẹrẹ̀. Omi dúdú ń ṣàn jáde lára wọn wọ inú kòtò, kòtò ń kó o lọ sí ọ̀sà. Adébùnmí gbé ọwọ́ lérí.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé, "Fún un ní tìrẹ. Ọwọ́ Yísà kan náà lẹ ti rà á." Ó tiẹ̀ di etí àpò tirẹ̀ kan mú. Ṣùgbọ́n ó ro ẹ̀fọ́ rẹ̀ tí ewé rẹ̀ ti ń pọ́n, ó ro Ezekiel tó ń wo àjà, ọwọ́ rẹ̀ sì tú. Ibẹ̀ gan-an ló ti sọnù. Ti òjò, a lè pè é ní àárẹ̀. Èyí kì í ṣe àárẹ̀ mọ́.

Ó wá ronú pé bí àpò bá ṣáà ti gbẹ, ta ló máa mọ̀? Sabina, obìnrin Ìlàjẹ kan, ń yan ẹja létí ọ̀sà, iná kì í kú lábẹ́ pẹpẹ rẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Adébùnmí lọ bẹ̀ ẹ́.

"Ọma mi, ìgbẹ́ màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja mi?" Sabina ní.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n tò ó sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ lẹ́bàá iná, kó kàn gbẹ díẹ̀."

"Òróró ẹja á máa kán sí i láti òkè o. Kò sì ní tètè gbẹ dé inú."

"Kò séwu, Ìyá."

Ó wọ́ àwọn àpò náà gba inú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Iṣẹ́ tó sá fún nínú òjò, ẹ wo bó ṣe wá fi ìlọ́po san án. Nígbà tí ara àpò gbẹ, kò dúró kó gbẹ dé inú. Ó wọ́ wọn padà, ó tò wọ́n sórí pákó, ó fi tapólì bò wọ́n dáadáa.

Sìkírátù dé láti Ìsẹ́yìn pẹ̀lú ayọ̀. "Alihamudulilai, ọmọ jọ mí!" Ó fa gèlè òfì kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó fi lé Adébùnmí lọ́wọ́. "Ìwọ tó o bá mi dúró ti ilé." Adébùnmí kúnlẹ̀ gbà á. Kò mọ bó ṣe dìde.

Kò pẹ́ tí Sìkírátù fi lọ sí oko. Nígbà tó ti ọwọ́ bọ inú àpò, ó fà á yọ kíá. Inú rẹ̀ ń jó èèyàn lọ́wọ́, ó di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀, ìdin ń rìn nínú rẹ̀.

"Bùnmí, ṣé òjò pa á ni?"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù kó sọ, ká ní ó sọ pé "Òjò pa á," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bí Yísà ṣe kó o wá nìyẹn. Èmi náà rí i lára tèmi kan. Ó jọ pé ó ń fi omi wọ́n inú rẹ̀ kó lè wúwo."

"Yísà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ayé ti bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú àkùrọ̀. Kí Yísà tó tún ti ọmọlanke rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, gbogbo olóko ti gbọ́. Baba Bọ́lárìnwá, tó jẹ́ olórí wọn, dá a dúró.

"Yísà, a gbọ́ pé o ń bomi sínú ajílẹ̀."

"Èmi, Baba? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n fi àpò hàn án. Yísà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Baba, gbígbẹ ni èyí jáde lọ́wọ́ mi. Ìyá Munirat fúnra wọn ló fún un wò. Ìyá Munirat, ẹ ò rántí?"

Sìkírátù wo àpò, ó wo Adébùnmí. "Mo rántí. Àmọ́ mi ò fún gbogbo rẹ̀ wò. Bùnmí ò sì ní purọ́ fún mi."

Yísà yí sí Adébùnmí. "Ìyá Bọ́dúndé, ẹ wò mí lójú."

Ẹsẹ̀ ọmọlanke ni Adébùnmí ń wò. "Ohun tí mo rí ni mo sọ," ó wí.

Wọ́n lé Yísà kúrò ní àkùrọ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó yí ọmọlanke rẹ̀ padà tòun ti ẹrù inú rẹ̀, ó tì í gòkè nínú ẹrẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá a tì í. A wá gbọ́ pé ó ti ń kó yanrìn fún àwọn kọ́lékọ́lé ní Pedro.

Látìgbà náà ni Adébùnmí kò ti ní ìsinmi mọ́. Sìkírátù ti bá a pín ìrìn Ìgbóbì padà, síbẹ̀ àárẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bó bá dùbúlẹ̀, ó ń ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí Sìkírátù bá mọ̀. Kò ní ìyá ní Èkó, kò ní ẹ̀gbọ́n. Obìnrin yìí nìkan ló ní.

Sìkírátù kò ní ajílẹ̀ mìíràn, ata sì ti dàgbà tó lọ́. Ó sa èyí tó sàn díẹ̀ nínú àpò, ó lọ́ ata sórí ebè, ó dà á sídìí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti hú gbogbo ebè rẹ̀. Ata ti já sílẹ̀ káàkiri. Ajá méjì ń tu ilẹ̀, ológbò jókòó lórí ebè bí onílé, akàn ti gòkè wá láti ọ̀sà, wọ́n ń wọ inú ihò, wọ́n ń jáde.

Àwọn olóko péjọ. Ẹnì kan ní, "Ìyá Munirat, ṣé ata lẹ gbìn ni àbí ẹja?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Sìkírátù kò rẹ́rìn-ín. Ó bu ilẹ̀, ó gbé e símú. "Ẹja ni," ó ní. "Baba Bọ́lárìnwá, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹja yíyan."

"Ajílẹ̀ màlúù wo ló ń rùn bí ẹja?" Baba Bọ́lárìnwá ní.

Adébùnmí dúró níbẹ̀, ọkọ́ lọ́wọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo gbà pé ó fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Sabina ti ń gòkè bọ̀ láti ọ̀sà, atẹ ẹja lórí, ó ń lọ sọ́jà. Ó dúró láti wòran.

"Ẹ̀ẹ́yà! Àpò Bùnmí yẹn lẹ dà síbí?" ó ní. "Mo sọ fún un pé òróró ẹja á kán sí i. Mo ní kó jẹ́ kó gbẹ dé inú, kò gbọ́. Òjò yẹn mà pa á púpọ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀ nígbà tó wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mi."

Sabina wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ pé òun ti sọ nǹkan, kò mọ ohun tó jẹ́. Ó gbé atẹ rẹ̀ lọ.

Adébùnmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

Sìkírátù kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Nígbà tí òjò yẹn ń rọ̀, ṣé o ń sùn ni?"

"Mi ò sùn, ẹ̀gbọ́n."

"O débí?"

"Mo débí."

"O bo tìrẹ?"

Adébùnmí ń sunkún. "Ẹrẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tiyín. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ̀ ọ́." Sìkírátù tún un sọ, ó mi orí. "Bùnmí, ká ní o sọ fún mi pé ó rẹ̀ ọ́, ṣé mi ò mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́ ni? Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ? O wá jẹ́ kí n la ẹnu mi, kí n ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́. Dìde. Ọ̀dọ̀ Yísà là ń lọ."

Wọ́n bá a ní Pedro, ó ń já yanrìn láàárín àwọn ọkùnrin. Sìkírátù ní kí Adébùnmí sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn gbọ́. Ó sọ ọ́. Yísà gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyá Bọ́dúndé, ọjọ́ tí mo ní kẹ́ ẹ wò mí lójú ni mo ti mọ̀. Mo kàn ń dúró dè yín ni."

Baba Bọ́lárìnwá fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ padà. Adébùnmí ra ajílẹ̀ tuntun fún Sìkírátù, ó tò ó fún un sórí pákó, ó tún àwọn ebè rẹ̀ kọ. Sìkírátù ní ó ṣeun. Nígbà tó kan ọjọ́ tirẹ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ Ezekiel, ó kọrí sí Ìgbóbì bó ṣe máa ń ṣe. Kò rojọ́ fún Ezekiel, kò rojọ́ fún nọ́ọ̀sì. Adébùnmí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn yín á bínú díẹ̀, á wá gba ẹrù lórí yín. Irọ́ tẹ́ ẹ bá fi bò ó lẹ ò ní lè rù.

Kò pẹ́ sí i, ojú ọ̀run tún ṣú lọ́jọ́ kan tó jẹ́ pé Sìkírátù ló lọ sí Ìgbóbì. Ó rẹ Adébùnmí lọ́jọ́ náà bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó balẹ̀ ló ti dé oko. Ẹ̀gbẹ́ ti Sìkírátù ló kọ́kọ́ sáré lọ, nínú ẹrẹ̀.

Kò bá àpò kankan níbẹ̀. Pákó nìkan ló wà.

Ó rò pé olè ni. Ó sáré padà sílé nínú òjò, ó bá Sìkírátù tó ti dé, tó jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà gbangba tí gbogbo ará ilé ń gbà kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jí ajílẹ̀ yín!"

"Wọn ò jí i."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀. Adébùnmí rí àwọn àpò náà nínú ilé, wọ́n tò wọ́n láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ara ògiri, gbogbo yàrá ń rùn.

"Inú ilé? Níbi tẹ́ ẹ ń sùn sí, tẹ́ ẹ ti ń kírun?"

"Mò ń kírun níbí báyìí. Mi ò lè kírun níbi tí ìgbẹ́ wà." Sìkírátù gbé abọ́ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó nà án sí i. "Ezekiel ti jẹun. Ó ní ọbẹ̀ dùn. Lọ pààrọ̀ aṣọ, òjò ti pa ọ́."